Ẹ jẹ́ kí owó àyẹ̀wò ṣáájú: lẹ́tà láti Kétu

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ẹ̀yin àti gbogbo òṣìṣẹ́ ìwé ìròyìn yín kú iṣẹ́ o. Oníṣòwò aṣọ ni mí ní ọjà Kétu ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, ó sì ti lé ní ọdún mẹ́wàá tí mo ti ń ṣe akápò ẹgbẹ́ àjọ àwa obìnrin ọjà. Ohun tó mú mi gbé kálàmù ni àwọn ìkéde ìtọrọ owó fún aláìsàn tí ẹ máa ń tẹ̀ jáde, èyí tí àwa náà máa ń fi ránṣẹ́ sí ara wa lórí WhatsApp. N kò lòdì sí wọn rárá. Àmọ́ mo fẹ́ kí a yẹ bí a ṣe ń ná owó wọ̀nyí wò, pàápàá bó bá jẹ́ àrùn jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró ló ń ṣe aláìsàn náà, nítorí èmi ni mo di ìwé owó mú nígbà tí a ń dá irú owó bẹ́ẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n mi, mo sì mọ ọ̀nà tí owó náà gbà lọ.

Awakọ̀ akẹ́rù ni ẹ̀gbọ́n mi. Àgbàdo àti ẹ̀pà ló ń kó láti Kétu, tí ó ń gba Pọ́bẹ̀ àti Sakété lọ sí Kútọnu. Ìgbà ọyẹ́ ni ikọ́ náà bẹ̀rẹ̀, gbogbo wa sì sọ pé eruku ni. Ọyẹ́ lọ, òjò dé, ikọ́ kò lọ. Ní ilé ìtọ́jú kan tí n kò ní dárúkọ, oògùn ikọ́ olómi ni wọ́n ń fún un, ìgò tẹ̀ lé ìgò, fún bí oṣù márùn-ún, láìsí ẹni tó ní kó lọ ya fọ́tò àyà. Nígbà tí ẹ̀jẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í hàn nínú kẹ̀lẹ̀bẹ̀ rẹ̀ ni wọ́n tó yẹ̀ ẹ́ wò fún ikọ́ fée. Wọn kò rí i. Wọ́n tún un yẹ̀ wò, wọn kò tún rí i. Àwa dúpẹ́, a sì mú un padà sílé. Ibẹ̀ la ti ṣìnà jù. Ikọ́ fée ní ètò tirẹ̀ nílẹ̀ wa: ọ̀fẹ́ ni oògùn rẹ̀, a sì mọ ibi tí wọ́n ti ń gbà á. Ẹni tí ikọ́ rẹ̀ bá ti kọjá ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, tí àyà ń dùn ún, tí ó ń rù, tí ohùn rẹ̀ há tàbí tí ó ń tutọ́ ẹ̀jẹ̀, tí a kò sì rí ikọ́ fée lára rẹ̀, onítọ̀hún gan-an ló yẹ kí a sáré gbé lọ síwájú, kì í ṣe ẹni tó yẹ kí a máa bá yọ̀.

Kàyé tí mo fi ṣe ìwé owó náà ṣì wà nínú àpótí mi. Bíró búlúù ni mo fi kọ owó tó wọlé, pupa ni mo fi kọ èyí tó jáde. Ní oṣù àkọ́kọ́, 412 000 owó sẹ́fà ló wọlé: ti ẹbí, ti àwọn awakọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀, ti àwa obìnrin ọjà, àti èyí tí àwọn ọmọ Kétu tó wà ní Abidjan àti Libreville fi ránṣẹ́. Ẹni tó bá wo ìlà búlúù nìkan yóò ní àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà, òótọ́ sì ni. Ìlà pupa ni kí ó wá wò. Àgbo ẹnìkan tó ní òun yóò fọ ẹ̀dọ̀fóró mọ́, 85 000. Omi tí wọ́n fà sí i lára kí ó lè lágbára, ìgbà mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Àìsùn àdúrà. Owó ọkọ̀ àwa tí a ń bá a lọ, nígbà mìíràn ènìyàn mẹ́fà fún aláìsàn kan. Ọtí ẹlẹ́rìndòdò àti oúnjẹ àwọn tó wá kí i. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni mo kọ ọ́ sílẹ̀, ojú sì ń tì mí bí mo ṣe ń kà á lónìí. Nígbà tí dókítà kan ní Kútọnu wá ní kí a lọ ṣe sìkánà, ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán inú ara, 37 000 ló kù nínú àpò.

N kò bú ẹnikẹ́ni. Gbogbo wa la jọ fọwọ́ sí i, ọwọ́ mi ni mo sì fi ka owó náà jáde. Ṣùgbọ́n kò sí dókítà tó lè tọ́jú jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró láìmọ irú èyí tó jẹ́. Fọ́tò àyà yóò fi àbàwọ́n hàn, sìkánà yóò fi ibi tó dé hàn, ṣùgbọ́n àfi bí wọ́n bá gé bíńtín nínú rẹ̀ lọ sí yàrá àyẹ̀wò ni wọn yóò tó mọ orúkọ rẹ̀. Irú kan wà tí sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ kéré, tó máa ń yára tàn kálẹ̀; irú kejì, tí sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ kò kéré, ló ń mú nǹkan bí 85 nínú 100 àwọn tó ní àrùn náà. Ìtọ́jú wọn kò dọ́gba. Bí a bá tètè rí irú kejì yìí, iṣẹ́ abẹ lè yọ ọ́ kúrò. Bí ó bá ti kọjá bẹ́ẹ̀, oògùn tí wọ́n ń fà sí iṣan ni, tàbí ìtànṣán tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ tàn sí ibi tí àrùn wà, tàbí méjèèjì pọ̀. Àwọn kan tún wà tí àyẹ̀wò àkànṣe lára ẹran tí wọ́n gé náà yóò fi ìyípadà kan hàn nínú àbùdá sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ náà, bí èyí tí wọ́n ń pè ní EGFR tàbí ALK, tí oògùn oníhóró tí a ń gbé mì nílé sì wà fún un. Owó oògùn wọ̀nyẹn pọ̀, n kò ní tan ẹnikẹ́ni jẹ. Síbẹ̀, ẹni tí kò ṣe àyẹ̀wò kò tilẹ̀ ní mọ èyí tí ó yẹ kí ó tọrọ owó fún. Ìdí nìyí tí mo fi ń bẹ ẹbí àti ẹgbẹ́ pé kí owó àkọ́kọ́ tó bá wọlé jẹ́ ti sìkánà àti ti gígé ẹran yìí, kí a tó ra ìgò àgbo kan, kí a tó gbé omi kọ́ sára ẹnikẹ́ni.

Mo tún ní ẹ̀dùn ọkàn kan. Bí mo bá na àwo sí ènìyàn, ìbéèrè tó kọ́kọ́ máa ń jáde ni pé, “Ṣé ó ń mu sìgá ni?” Mo rí ọwọ́ tó ti wọ àpò tó sì tún jáde lófìfo nítorí ìdáhùn mi. Ẹ̀gbọ́n mi mu sìgá, n kò ní purọ́. Ó ń mu ún lójú ọ̀nà lóru kí oorun má baà gbé e. Sìgá ló ń fa èyí tó pọ̀ jù nínú àrùn yìí, ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ sì ti ní òfin láti ọdún 2017 tó ká tábà lọ́wọ́ kò, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹni tó bá wọ àwọn gáréèjì wa kò ní mọ̀ pé òfin kankan wà. Ṣùgbọ́n èéfín ọkọ̀ díẹ́sẹ̀lì tí ó ń fà símú fún ọgbọ̀n ọdún náà wà níbẹ̀: láti ọdún 2012 ni àjọ tó ń ṣèwádìí jẹjẹrẹ fún Àjọ Ìlera Àgbáyé ti kà á mọ́ ohun tó ń fa jẹjẹrẹ. Ẹni tí kò fi sìgá kan ẹnu rí náà ń kú. Roy Castle, òṣèré àti afunfèrè kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí àrùn yìí pa ní ọdún 1994, kò mu sìgá. Ó ní èéfín sìgá àwọn ẹlòmíràn ní ilé ijó tí òun ti ń fun fèrè ló kó bá òun. Ó lo agbára ìkẹyìn rẹ̀ láti kó owó jọ fún ìwádìí àrùn náà, ẹgbẹ́ tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ sì ń ran àwọn aláìsàn lọ́wọ́ títí di òní. Ní ọdún 2022 nìkan, nǹkan bí mílíọ̀nù 1.8 ènìyàn ni jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró pa ní gbogbo àgbáyé, kò sì sí jẹjẹrẹ mìíràn tó pa tó bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ejò bù jẹ, a kì í dúró bi í pé kí ló ń wá nínú igbó.

Lórí ibi tí a lè gbé aláìsàn lọ, díẹ̀ ni mo lè sọ. Ilé ìwòsàn ńlá tó wà fún àrùn ẹ̀dọ̀fóró ní Kútọnu, tí àwọn àgbà ṣì ń pè ní Lazaret, wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ilé ìwòsàn yunifásítì CNHU. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ìtànṣán ni kò sí nílẹ̀ wa. Ní ọdún 2022 ni àjọ àgbáyé tó ń rí sí agbára átọ́míìkì, IAEA, bẹ̀rẹ̀ ètò Rays of Hope láti ran àwọn orílẹ̀-èdè tí kò ní in lọ́wọ́, Bẹ̀nẹ̀ sì wà lára àwọn àkọ́kọ́. Àwa tí a wà ní Kétu kò jìnnà sí ẹnubodè. Ilé ìtọ́jú jẹjẹrẹ kan wà ní Ìdí-Àràbà ní Èkó láti ọdún 2019, ìtànṣán sì wà ní ilé ìwòsàn yunifásítì UCH ní Ìbàdàn. Ẹni tó bá ní ẹbí ní ìhà ibẹ̀ lè rí ibi sùn sí. Kí ó ṣáà kọ́kọ́ pè, kí wọ́n kọ iye owó náà sínú ìwé fún un, kí ó tó gbé aláìsàn sọdá.

Ní ti ìrora, ibẹ̀ ni mo fẹ́ kí ẹ dúró díẹ̀ bá mi. Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó kẹ́yìn, ẹ̀gbọ́n mi kò lè dùbúlẹ̀. A gbé tábìlì síwájú rẹ̀, a gbé ìrọ̀rí lé e, orí ìrọ̀rí náà ló ń gbé iwájú orí rẹ̀ lé sùn, lórí àpótí ìjókòó, bí ọmọ iléèwé tó ń tòògbé. Nígbà tí nọ́ọ̀sì kan sọ̀rọ̀ morphine, oògùn ìrora olómi tó lágbára tí a ń mu, ẹbí kọ̀, wọ́n ní ẹni tí a bá ti ń fún ní ìyẹn, a ti gbà pé ó ń kú. Oògùn kòṣeémánìí ni Àjọ Ìlera Àgbáyé pè é, dókítà ló sì ń kọ ọ́. Nígbà tí a gbà nígbẹ̀yìn, ó sùn ní òru ọjọ́ náà. Iye tí ìgò náà ná wa kò tó owó ọtí ẹlẹ́rìndòdò ọjọ́ kan nínú kàyé mi.

Ohun tí mo ń bẹ̀ yín fún, Olóòtú, kò le. Ẹ má ṣe tẹ ìkéde ìtọrọ owó mọ́ láìjẹ́ pé ìwé ilé ìwòsàn bá a wá, kí ẹ sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé sìkánà ni tàbí oògùn, àti iye tó jẹ́. Kí owó náà lọ tààrà sọ́dọ̀ akówó ilé ìwòsàn, kí rìsíìtì rẹ̀ sì padà sọ́dọ̀ àwọn tó dá a. Oṣù kọkànlá ni àwọn ènìyàn ní ilẹ̀ òkèèrè máa ń rìn, tí wọ́n máa ń sáré, láti fi kó owó jọ fún àrùn yìí. A kò ní láti sáré. Bí àwọn elẹ́fẹ̀ Gẹ̀lẹ̀dẹ́ wa bá fi orin kan sọ ọ̀rọ̀ ikọ́ tí kò lọ ní òru Ẹ̀fẹ̀, tí a sì gbé àpótí kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ agbo, mo mọ àwọn tí yóò fi owó sí i, nítorí àwọn kan náà ló ń ra aṣọ lọ́wọ́ mi fún ìsìnkú. Mo ń tà á, mo sì ń jẹ èrè rẹ̀, nítorí náà mo lè sọ ọ́: aṣọ tí wọ́n rà lọ́wọ́ mi fún òkú ẹ̀gbọ́n mi ju gbogbo owó tí a dá nígbà tó wà láàyè lọ.

Lẹ́yìn ìsìnkú, 23 500 ṣẹ́ kù nínú owó ìtọ́jú. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ní kí n má ṣe pín in. Mo ṣí ojú ewé tuntun, mo kọ ọ́ sókè pẹ̀lú bíró búlúù, obìnrin ọjà kọ̀ọ̀kan sì ń fi 200 kún un ní ọjọ́ ọjà. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni ìlà pupa àkọ́kọ́ jáde: fọ́tò àyà ìyá kan tó ń ta gàrí lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, tó ti ń wúkọ́ fún oṣù méjì. A ń retí ohun tí dókítà yóò sọ.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Akápò ẹgbẹ́ àjọ obìnrin ọjà,
Kétu.