Ìlà kan ṣoṣo lórí káàdì

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Agbẹ̀bí ni mí. Láti 2016 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ní kí aláboyún rí elétò ìlera ó kéré tán lẹ́ẹ̀mẹ́jọ kó tó bímọ. Lóṣù tó kọjá, wọ́n gbé obìnrin kan dé lóru. Ìlà kan ṣoṣo ni wọ́n kọ nǹkan sí lórí káàdì aláboyún rẹ̀: ẹ̀ẹ̀kan péré ló ti wá rí wa. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti wú, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti ga kọjá ààlà.

“Ẹ má bínú, nọ́ọ̀sì. Owó ọkọ̀ ni kò sí.”

Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, ìyàwó olówó kan tó wá lẹ́ẹ̀kẹsàn-án ń ráhùn pé a jẹ́ kí òun pẹ́ (n kò dá a lẹ́bi o). Ẹ̀yin tí ẹ ń sọ pé àwọn obìnrin ni kì í fẹ́ wá, ẹ wo àdírẹ́sì orí káàdì yẹn: ìrìn wákàtí mẹ́ta ni.

Èmi,
Agbẹ̀bí kan