Ẹ Kọ Ọ́ Sára Pósítà Kí N Tó Ra Tíkẹ́ẹ̀tì

Sí Olóòtú,

Mo ka àyọkà tí ẹ gbé jáde lọ́sẹ̀ tó kọjá lórí àwa òǹwòran tí apá tuntun àwọn fíìmù ìjà oní-sáyẹ́ǹsì ń bí nínú, mi ò sì lè jẹ́ kí ilẹ̀ ṣú kí n tó fèsì. Ẹni tó kọ ọ́ ní ìṣòro wa ò ju pé a ti dàgbà, a ò sì fẹ́ kí nǹkan yí padà. Ó ní ohun tá a bá ti wò nígbà èwe la ti sọ di òrìṣà. Rárá o. Ohun tó ń bí wa nínú ni pé ojú akọni tá a mọ̀ ni wọ́n fi ń pè wá wọlé, tá a bá sì ti jókòó tán, wọ́n á pa akọni ọ̀hún kí ìjókòó wa tó gbóná. Ọ̀rọ̀ ọjọ́ orí kọ́ nìyẹn. Ẹ̀tàn ni.

Ẹ jẹ́ ká mú Terminator: Dark Fate ti ọdún 2019, torí òun ni àyọkà yẹn fi ṣe àpẹẹrẹ. Ẹni tó bá ti wo ti 1984 àti ti 1991 mọ ohun tí gbogbo ìjà yẹn dá lé lórí: kí John Connor, ọmọ tó máa ṣáájú àwọn èèyàn bá àwọn ẹ̀rọ jà lọ́jọ́ iwájú, má bàa kú. Torí rẹ̀ ni Kyle Reese, ọmọ ogun kan, fi ti ọjọ́ iwájú wá, tó sì kú sí i. Torí rẹ̀ ni ìyá rẹ̀, Sarah, fi di ẹni tí wọ́n tì mọ́ ilé ìwòsàn àwọn alárùn ọpọlọ. Ẹ̀rọ tí Arnold Schwarzenegger ṣe nínú ti 1991 dúró tì í títí dópin, ó sì ní kí Sarah sọ òun kalẹ̀ sínú irin yíyọ́ kí ẹnikẹ́ni má bàa rí ọpọlọ òun lò mọ́. Fíìmù méjì gbáko nìyẹn. Ó wá di 2019, ìtàn ò tíì mí kanlẹ̀, ìyá àti ọmọ wà létíkun ní Guatemala lọ́dún 1998, ẹ̀rọ mìíràn tójú rẹ̀ jọ ti àkọ́kọ́ kàn yọ, ó yìnbọn pa John níṣojú ìyá rẹ̀, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Ó tán. Ọmọ náà ò rí ààyè sọ nǹkan kan, ká má tilẹ̀ sọ pé ó jà.

Inú sinimá ni mo ti wò ó. Ọkùnrin kan wà lẹ́yìn mi tó ń sọ fún ẹnì kejì rẹ̀ pé, “Àlá ni. Wàá rí i, ẹnì kan máa jí.” Grace, jagunjagun obìnrin inú ìtàn náà, bọ́ láti ọjọ́ iwájú, àlá ṣì ni. Ọkọ̀ òfuurufú ńlá ń já bọ̀ látòkè pẹ̀lú gbogbo wọn nínú rẹ̀, ìjà ń lọ, iná ń sọ, ọkùnrin yìí ṣì ń retí kí ẹnì kan jí. Ìjà tí wọ́n náwó yàlà-yòló lé lórí yẹn ò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ rárá. Orúkọ àwọn òṣèré ti ń gòkè lójú ògiri kó tó gbà pé kò sẹ́ni tó máa jí. Kò bú ẹnikẹ́ni, ó kàn mú fìlà rẹ̀, ó jáde. Ṣé òun náà ló sọ fíìmù di òrìṣà?

Láti kékeré la ti ń sọ ọ́ pé áktọ̀ kì í kú. Àwàdà ni, gbogbo wa la mọ̀ pé áktọ̀ ń kú. Ṣùgbọ́n ó ní bó ṣe yẹ kó kú. Ẹ̀rọ tó wọ inú irin yíyọ́ lọ́dún 1991 yẹn, tó na àtàǹpàkò sókè títí tí ọwọ́ rẹ̀ fi rì, àgbààgbà sunkún níbẹ̀. Kò sẹ́ni tó kọ lẹ́tà sí olóòtú torí rẹ̀. Ó ti ṣe iṣẹ́ tó wá ṣe tán, a sì ti bá a rìn jìnnà. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má sọ pé a ò lè gba ikú. Ikú tí wọ́n fi ń gbálẹ̀ fún ìtàn ẹlòmíràn la ò gbà.

Kì í sì í ṣe fíìmù kan ṣoṣo. Lọ́dún 1986, nínú Aliens, Ripley, akọni obìnrin inú rẹ̀, padà sínú ihò àwọn ẹranko àjèjì tó ń pa èèyàn lóun nìkan, torí ọmọbìnrin kékeré kan tó ń jẹ́ Newt. Ó wọ ẹ̀rọ ìgbẹ́rù sọ́rùn bí aṣọ, ó fi bá ìyá àwọn ẹranko náà wọ̀jà, ó sì mú ọmọ náà bọ̀ láàyè. Ìgbà tí Alien 3 dé lọ́dún 1992, wọn ò tíì kọ orúkọ àwọn òṣèré tán lójú àwòrán tí ọkọ̀ wọn fi já. Newt kú sómi nínú àpótí tó sùn sí. Hicks, ọmọ ogun tó bá wọn jà, kú. Wọ́n tún wá ní kí dókítà la òkú ọmọ náà, bí ẹni pé ìyẹn tó ṣẹlẹ̀ kò tíì tó. Ohun tí Ripley fi wákàtí méjì jà fún, ìṣẹ́jú díẹ̀ ló gbé e lọ. Ọ̀pọ̀ ló mọ̀ báyìí pé wọ́n ti ń ya fíìmù yẹn nígbà tí wọn ò tíì kọ ìtàn rẹ̀ parí, David Fincher tó darí rẹ̀ náà sì ti kẹ̀yìn sí i.

James Cameron, tó darí Aliens, wà lára àwọn tó bínú sí ohun tí wọ́n ṣe fún Newt àti Hicks, ó sì sọ ọ́ ní gbangba. Ẹ wá wo ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà lára àwọn tó hun ìtàn Dark Fate. Òun náà ni! Ohun tó dùn ún nígbà tí wọ́n ṣe é fún un ló bá wọn ṣe fún wa.

Pacific Rim Uprising ti 2018 ò sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mako Mori, tó gba ayé là nínú ti 2013, jókòó sínú hẹlikọ́pútà, hẹlikọ́pútà já, ó parí. Raleigh tí wọ́n jọ wà nínú róbọ́ọ̀tì kan náà, wọn ò tiẹ̀ dárúkọ ibi tó wà. Ti Independence Day: Resurgence, lọ́dún 2016, tún jẹ́ ẹ̀rín: akọni tí Will Smith ṣe lọ́dún 1996 ti kú kí fíìmù tó bẹ̀rẹ̀, àwòrán rẹ̀ lára ògiri la rí.

Àwọn ọ̀gá tó ń pinnu nǹkan wọ̀nyí, ẹ gbọ́ bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ tí ọjà ò bá tà. Wọ́n fi owó tó lé ní mílíọ̀nù 180 dọ́là ṣe Dark Fate, nǹkan bíi mílíọ̀nù 261 ló pa kárí ayé, àwọn onísinimá á sì mú tiwọn nínú rẹ̀. Gbèsè nìyẹn. Ti 1991 pa ju mílíọ̀nù 500 lọ láyé ìgbà yẹn. Nígbà tí Cameron máa sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀ lọ́dún 2022, ó ní ohun tó fà á ni pé àwọn kó Schwarzenegger àti Linda Hamilton pọ̀, àwọn méjèèjì ti dàgbà, ó wá dà bíi fíìmù bàbá-bàbá èèyàn. Àgbà ni wọ́n di ẹ̀bi rù! Linda Hamilton tó ṣe Sarah, tó jẹ́ pé òun gan-an ló fún fíìmù yẹn lẹ́mìí. Ìgbà tó jáde síta lórí afárá yẹn pẹ̀lú ìbọn ńlá, ariwo tí àwọn èèyàn pa nínú sinimá, mo ṣì ń gbọ́ ọ. Àgbà kọ́ ló lé wa lọ. Ẹ pa ọmọ rẹ̀ lójú wa, ẹ wá ní ká máa pàtẹ́wọ́.

Tí wọ́n bá sì ní a ò fẹ́ ojú tuntun, kí wọ́n ṣàlàyé Mad Max: Fury Road ti 2015 fún mi. Òṣèré mìíràn pátápátá ló ṣe Max, obìnrin kan tí a ò rí rí, Furiosa, ló gba ìtàn lọ́wọ́ rẹ̀, a ò sì ráhùn. Wọ́n gba Oscar mẹ́fà. Max ò kú kí Furiosa tó rí àyè ṣe tirẹ̀. Ó jókòó tì í, ó gbé èjìká fún un kó gbé ìbọn lé, ó yìn ín, ó bà á. Ẹ lọ wo ibẹ̀ dáadáa, ẹ̀yin ọ̀gá. Bí akọni àtijọ́ ṣe ń gba akọni tuntun láyè nìyẹn.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan ta kò mí lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ó ní tí John ò bá kú, Sarah ò ní di ẹni tó ń dọdẹ ẹ̀rọ káàkiri, Dani, ọ̀dọ́bìnrin tí ìtàn tuntun yẹn dá lé lórí, náà ò sì ní rí ibi dúró sí. Òótọ́ wà níbẹ̀, ọmọ náà lóye. Mo wá bi í pé kí ló dé tí ikú yẹn ò lè dúró títí John á fi bá Dani pàdé, kó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ fún un pé iṣẹ́ náà ti kan ọ́ báyìí? Kò fèsì. Ó ń wo fóònù.

Ohun tí mo fẹ́ kí wọ́n ṣe rèé, kò sì le. Kí wọ́n kọ ìlà méjì péré sára pósítà gbogbo fíìmù tó bá jẹ́ apá kejì sókè. Ìlà kìíní á sọ èwo nínú àwọn fíìmù ìṣáájú ni ìtàn yìí gbà pé ó ṣẹlẹ̀. Ìlà kejì á sọ ẹni tó ni ìtàn. Kì í ṣe ní ìsàlẹ̀ níbi tí wọ́n ń kó àwọn orúkọ wínníwínní jọ sí tí ojú ò lè kà o. Abẹ́ orúkọ fíìmù gan-an ni, kó sì tóbi tó orúkọ òṣèré tí wọ́n fi ń fa ojú wa. Kí wọ́n kọ ọ́ sí iwájú fídíò ìpolówó náà, kí wọ́n sì kọ ọ́ síbi tá a ti ń tẹ bọ́tìnì láti wò ó nílé. Tó bá jẹ́ Dark Fate ni, ohun tá à bá kà nìyí: “Ìtàn yìí tẹ̀lé ti 1984 àti ti 1991, ẹ gbàgbé ti 2003, ti 2009 àti ti 2015. Ọ̀dọ́bìnrin kan tó ń jẹ́ Dani Ramos ló ni ín.” Ó tán. Ẹni tó bá fẹ́ wò ó á wò ó, kò sẹ́ni tó máa máa retí kí òkú jí. Ti Alien 3: “Ó tẹ̀lé ti 1986. Ripley nìkan ló ni ín.” Ẹni tó bá lóye á ti mọ̀ pé kò yẹ kóun máa wá Newt. Ti Uprising á sọ ọ́ gbangba pé Jake Pentecost ló ni ìtàn, kí àwọn tó ń bọ̀ torí Raleigh dúró sílé.

Àwọn ìgbìmọ̀ wà káàkiri ayé tó ń yẹ fíìmù wò kó tó jáde, tí wọ́n ń kọ ọjọ́ orí sí i lára. Wọ́n ń ka ẹ̀jẹ̀, wọ́n ń ka èébú, wọ́n ń ka ìhòòhò. Ṣé ó wá nira fún wọn láti béèrè pé ta ló ni ìtàn yìí kí wọ́n tó fọwọ́ sí i? Àmọ́ àwọn náà, ẹni tó ń jókòó sórí àga wọn kì í ra tíkẹ́ẹ̀tì.

Mo mọ ohun tí wọ́n máa sọ: pé ìyẹn á tú àṣírí. Àṣírí wo? Àwọn tó tú àṣírí Terminator Genisys nínú fídíò ìpolówó lọ́dún 2015, tí gbogbo ayé ti mọ̀ pé John ti di ẹ̀rọ kó tó di pé fíìmù jáde, títí tí inú Alan Taylor tó darí rẹ̀ kò fi dùn sí i? Tí títú àṣírí bá máa ta tíkẹ́ẹ̀tì, wọ́n á tú u. Ìgbà tó bá máa jẹ́ ká mọ ohun tá a fẹ́ rà ni ẹnu wọn ń wúwo. Mi ò ní kí wọ́n sọ ẹni tó máa kú. Ẹni tó ni ìtàn ni mo ní kí wọ́n sọ.

Kí fídíò ìpolówó má kọjá ìdá kan nínú mẹ́ta àkọ́kọ́ fíìmù. Kí wọ́n má bẹ̀rẹ̀ sí í ya fíìmù tí wọn ò tíì kọ ìtàn rẹ̀ parí. Kí wọ́n sì yé parí fíìmù síbi tí ìtàn ti ń ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Resurgence ṣe é, wọ́n ní àwọn ń bọ̀ wá bá àwọn àjèjì jà lọ́run, títí di òní a ò rí wọn.

Olóòtú, ẹ bá mi fi ìbéèrè kan jíṣẹ́ fún ẹni tó kọ àyọkà yẹn. Kó sọ fún wa, nínú ìwé ìròyìn yín yìí, ohun tí ikú John ṣe ní ìṣẹ́jú àkọ́kọ́ tí kò lè ṣe ní wákàtí kan lẹ́yìn rẹ̀. Kó má bá wa sọ̀rọ̀ ọjọ́ orí mọ́.

Èmi ni,
Òǹkàwé yín tó ṣì ń ra tíkẹ́ẹ̀tì