Ẹ̀yin Ọmọ Tó Ń Wá Owó Ìwádìí, Ẹ Gbọ́ Ti Yábàá

Ẹ̀yin ọmọ mi,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú làálàá. Mo mọ̀ pé púpọ̀ nínú yín ló ń kọ̀wé sí àwọn àjọ olówó òkè òkun kí wọ́n lè bá yín gbọ́ bùkátà ìwádìí. Kò burú, ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Àmọ́ kí ẹ tó tọwọ́ bọ̀wé, ẹ gbọ́ ti Yábàá.

Lọ́dún 1925, àjọ Rockefeller, tí wọ́n fi owó epo rọ̀bì dá sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1913, gbé ìgbìmọ̀ kan wá sí Yábàá l'Ékòó láti wádìí ibà pọ́njú. Nígbà yẹn, gbajúgbajà ọ̀mọ̀wé ará Japáànù kan, Hideyo Noguchi, ti ní òun ti rí bakitéríà tó ń fà á. Ẹ wá wò ó o: ilé ìwádìí Rockefeller ní New York ni Noguchi ti ń jẹun. Àpò kan náà ló ń bọ́ òun àti àwọn ará Yábàá.

Àwọn ará Yábàá wá bakitéríà rẹ̀ tì lára àwọn aláìsàn, wọn ò sì fi bò. Ọ̀bọ ilẹ̀ wa kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣàìsàn náà, ni wọ́n bá lo irú ti Íńdíà. Ní oṣù kẹfà ọdún 1927, wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ lára Asibi, ọkùnrin ẹni ọdún 28 ní Gold Coast, ìyẹn Gánà òde òní. Ibà tirẹ̀ ò le, ó yè é. Ọ̀bọ tí wọ́n gún ẹ̀jẹ̀ náà sí lára kú. Fáírọ́ọ̀sì ló ń fa ibà náà, kì í ṣe bakitéríà.

Wọ́n fi ẹ̀mí san án o. Adrian Stokes, ọ̀kan lára àwọn olùwádìí Yábàá, kó àìsàn náà. Lórí ìdùbúlẹ̀ ló ti ní kí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ òun fún ìwádìí, ó sì kú l'Ékòó lóṣù kẹsàn-án. Noguchi gbéra lọ sí Accra láti gbèjà ọ̀rọ̀ rẹ̀, ibà náà pa á ní 1928. Ẹ má fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹni tó fi ẹ̀mí ara rẹ̀ wá òótọ́ kì í ṣe ọ̀lẹ.

Láti ara fáírọ́ọ̀sì Asibi ni Max Theiler àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ṣe abẹ́rẹ́ àjẹsára 17D ní New York lọ́dún 1937. Theiler gba ẹ̀bùn Nobel ní 1951. Abẹ́rẹ́ náà ni wọ́n ń gún fún yín kí ẹ tó gba yẹ́lò káàdì.

Ẹni tó bá ní owó òyìnbó ò dáa, ẹ bi í léèrè iye tí àwọn olówó tiwa ń ná sórí ìwádìí, ká yọ ti ìnáwó òkú kúrò. Ẹ gba owó náà. Bí èsì yín ò bá bá ti olówó mu, ẹ kọ ohun tí ẹ rí. Ẹ ka ojú ìwé tó sọ ibi tí wọ́n ń kó ẹ̀jẹ̀ àwọn aláìsàn lọ àti ẹni tó ni ín lẹ́yìn náà. Bó bá sì jẹ́ ìyá alákàrà kan ní Mushin lẹ gba ẹ̀jẹ̀ lára rẹ̀, ẹ padà lọ sọ èsì fún un, lédè tó gbọ́.

Èmi ni bàbá yín.