Sítíkà tí wọ́n ní ó ń gbé radiation mì: òòfà ẹ̀ dà?

Ẹ̀yin olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìpolówó ọjà kan tó ń jáde nínú ìwé ìròyìn yín lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí ló jẹ́ kí n kọ̀wé, ti sítíkà tí wọ́n ní kéèyàn lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn fóònù, pé ó máa gbé radiation, ìyẹn ìgbì rédíò tó ń jáde lára fóònù, mì, àmọ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì á ṣì máa wọlé geere bó ṣe ń wọlé tẹ́lẹ̀. Wọ́n tiẹ̀ kọ "metamaterial" gàdàgbà sí i, ìyẹn ohun àtọwọ́dá tí wọ́n to nǹkan wẹ́wẹ́ jọ sínú ẹ̀ kó lè máa darí ìgbì. Ohun tó ń bí mi nínú ni pé nǹkan tí wọ́n fi ń pa irọ́ yẹn wà lóòótọ́, ó sì dùn mọ́ èèyàn nínú tó bá yé e, inú sítíkà kọ́ ló kàn wà.

Ìgbì rédíò, ohun tó bá dí i lọ́nà nígbà tó ń lọ, bó ṣe máa dí i náà nìyẹn tó bá ń bọ̀. Hendrik Lorentz, onímọ̀ físíìsì ará Netherlands, ti là á sílẹ̀ láti 1896. Ògiri o, páànù o, ẹran ara o, gbogbo ẹ̀ ló wà lábẹ́ òfin yìí. Gíláàsì dúdú táwọn ọ̀gá ń fi sí mọ́tò gan-an, ìta tó mọ́lẹ̀ ju inú lọ ni wọ́n ṣe ń rí wa táwa ò rí wọn, kí wọ́n tan iná inú mọ́tò lálẹ́ ká wò ó. Torí náà tí sítíkà yẹn bá dí èyí tó ń jáde, á dí èyí tó ń wọlé náà, fóònù á wá máa fi kún agbára kí máàsì lè gbọ́ ọ. Federal Trade Commission, àjọ tó ń dáàbò bo àwọn oníbàárà ní Amẹ́ríkà, ti kìlọ̀ fáwọn èèyàn wọn lórí irú ọjà yìí, wọ́n ní ó lè jẹ́ kí fóònù máa lo agbára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ẹnì kan á ní ṣebí wọ́n ti ṣe metamaterial tó ń gbé ìgbì mì. Wọ́n ti ṣe é. Lọ́dún 2008 àwọn onímọ̀ ní yunifásítì Boston College àti Duke ní Amẹ́ríkà to bàbà wẹ́wẹ́ tí ìkọ̀ọ̀kan ẹ̀ kéré gan-an sí ìgbì tó ń bọ̀, ó gbé ìdá 88 nínú 100 mì ní fíríkúẹ́ńsì 11.5 GHz, ìyẹn ìgbì tó ń gbọ̀n ní bílíọ̀nù 11.5 ìgbà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Èèyàn sì lè ṣe é kí ojú kan máa mu ìgbì kí ojú kejì máa dá a padà, ìyẹn ò le rárá. Èyí tó bá gba inú ẹ̀ kọjá ni alọ ẹ̀ ò lè yàtọ̀ sí àbọ̀ ẹ̀, fún nǹkan lásán tí kò ní iná nínú bíi sítíkà, ọ̀nà tí wọ́n sábà máa ń gbà yí i padà ni kí wọ́n mú òòfà wá.

Ẹ mọ ferrite, ọ̀pá dúdú tí wáyà bàbà máa ń wé mọ́ nínú rédíò àtijọ́, tó máa ń kán tó bá já bọ́? Àwọn ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù inú ẹ̀ ń pòyì bí òkòtó, tí òòfà bá sì ti wà nídìí ẹ̀, apá kan ṣoṣo ni wọ́n máa ń yí sí. Ìgbì tó bá ń yí sí apá yẹn, wọ́n á mu agbára ẹ̀, á di ooru, èyí tó bá ń yí sódì, wọn ò ní dá a lóhùn. Nínú páìpù onírin tí wọ́n fi ń darí ìgbì, tẹ́ ẹ bá gbé ferrite sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kì í ṣe àárín o, ìgbì tó ń lọ á máa yí sọ́tùn-ún níbẹ̀, èyí tó ń bọ̀ á yí sósì, ọ̀kan á kọjá, ọ̀kan á kú síbẹ̀. Àwọn onímọ̀ wá ń to ọ̀pá ferrite tín-ín-rín jọ sínú òòfà, ìgbì tó bá fi ẹ̀gbẹ́ wá láti ọ̀tún á rì sínú ẹ̀, èyí tó fi ẹ̀gbẹ́ wá láti òsì á ta padà. Kí wọ́n yí òòfà yẹn dà báyìí, ọ̀tún á di òsì. Ìyẹn ló wù mí jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí.

Àwa tá a ń ṣiṣẹ́ máàsì mọ ẹ̀gbọ́n ẹ̀ dáadáa, isolator là ń pè é, àpótí irin kékeré tí wọ́n ya ọfà sí lára, kí agbára lè jáde lọ sí àńtẹ́nà, kí èyí tó bá ta padà, bóyá omi wọ kébù, lè lọ di ooru síbòmíì kó má bàa jó ẹ̀rọ. Òòfà wà nínú ẹ̀. Òòfà yẹn náà ló ń sọ fíríkúẹ́ńsì tí ferrite máa bá ṣiṣẹ́, òòfà tí agbára ẹ̀ bá jẹ́ tesla kan (òṣùwọ̀n agbára òòfà nìyẹn) máa ń bá nǹkan bí 28 GHz lọ. GSM wa níbí wà lórí 900 àti 1800 MHz (ẹgbẹ̀rún MHz ló wà nínú GHz kan), ká má tíì dé orí 4G, fóònù sì ń fò kiri láàárín wọn, òòfà wo ló fẹ́ máa sáré tẹ̀ lé e?

Mo ra ọ̀kan nínú sítíkà yẹn, mo fi abẹ́rẹ́ kàn án, kò fà á. Mo ya á, bébà dídán àti gọ́ọ̀mù ni.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bi àwọn tó ni ọjà yẹn pé òòfà ẹ̀ dà, fíríkúẹ́ńsì wo ló sì wà fún. Tí wọn ò bá rí i dáhùn, ẹ yọ ìpolówó yẹn kúrò, torí màámi máa ń ka ìwé ìròyìn yín, wọ́n sì ti ní kí n bá àwọn ra mẹ́ta.

Èmi ni tiyín,
Oníṣẹ́ máàsì kan, Ìbàdàn