Lẹ́tà sí Bàbá mi lórí igi etí odò

Avondale, Pennsylvania, Amẹ́ríkà.
Ọjọ́ 20, oṣù kẹrin, ọdún 2024.

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ sì kú ìtọ́jú ilé. Mo dọ̀bálẹ̀ kí ẹ̀yin àti Màmá, mo sì lérò pé orúnkún tó ń dùn yín ti fúyẹ́ díẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí Àlàbá bá mi sọ lórí fóònù ló jẹ́ kí n mú bírò. Ó ní òun fẹ́ gé gbogbo igi etí odò tó wà lẹ́yìn oko yín, àti ògùrọ̀ àti ọparun, kí òun lè fẹ àkùrọ̀ kan omi, kí n sì fi owó àwọn agégi ránṣẹ́. N kò tíì fún un lésì, nítorí ẹ̀yin lẹ ni ilẹ̀, ó sì yẹ kí ẹ kọ́kọ́ gbọ́ ohun tí ojú mi ti rí níbí.

Odò kan wà nítòsí wa tí wọ́n ń pè ní White Clay Creek. Lápá òkè rẹ̀, omi kò muni dé orúnkún. Síbẹ̀, láti ọdún 1967 ni ilé ìwádìí kan, Stroud Water Research Center, ti wà létí rẹ̀, tí wọ́n ń wọn omi, tí wọ́n sì ń ka kòkòrò inú rẹ̀. Robin Vannote tó ṣe olórí ibẹ̀, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, kọ ọ́ jáde ní 1980 pé láti orísun dé ẹnu, nǹkan kan ṣoṣo ni odò: ní òkè tí igi ti ṣíji bò ó, ewé tó ń já bọ́ ni oúnjẹ, àwọn kòkòrò kan á gé e wẹ́wẹ́, èérún tó bá ṣẹ́ kù ni omi ń gbé lọ bọ́ àwọn tó wà nísàlẹ̀.

Mo máa ń bá àwọn tó ń yọ̀ǹda ara wọn lọ síbẹ̀ ní Sátidé. A di ewé gbígbẹ sínú àpò àwọ̀n, a so ó mọ́ bíríkì, a sì rì í sómi fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Nígbà tí a tú u sínú abọ́ funfun, ewé ti di àlàpà, iṣan rẹ̀ nìkan ló kù. Kòkòrò pẹlẹbẹ kan tó ní ìrù méjì ń sá kiri. Òmíràn ti fi hóró yanrìn kọ́ ilé tẹ́ẹ́rẹ́ sí ara rẹ̀, orí àti ẹsẹ̀ nìkan ló yọ síta. Onírù méjì yẹn kì í gbé inú omi tó ti bàjẹ́.

Ohun tó yà mí lẹ́nu jù ni pé ibi tí igbó wà ni odò ti fẹ̀ jù nígbà tí wọ́n wọ̀n ọ́n. Níbi tí koríko bá ti dé etí omi, ó máa ń di ẹrẹ̀ mú, bèbè á sì máa sún wọnú odò díẹ̀díẹ̀. Bí a bá sì gé igi, kò ní sí gbòǹgbò tí yóò dá ọ̀gbàrá dúró mọ́. Ajílẹ̀ àti oògùn tí a fọ́n sóko á wọ́ tààrà sínú omi tí àwọn ará ìsàlẹ̀ ń pọn mu. Wọ́n ní ó kéré tán, kí igi gba 30 mítà láti etí omi ní apá kọ̀ọ̀kan. Mo mọ̀ pé ilẹ̀ wa kò tó bẹ́ẹ̀.

Gbígbìn padà kò sì rọrùn. Lọ́dún tó kọjá, a gbin igi kéékèèké, wọ́n ní kí á fi ike gígùn tó dà bí páìpù bo ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí á sì kan èèkàn mọ́ ọn nítorí àgbọ̀nrín. Ó ti rẹ̀ mí lọ́jọ́ náà, èèkàn tèmi kò wọlẹ̀ dáadáa. Nígbà tí a padà dé, ike mẹ́ta ti wó, àgbọ̀nrín sì ti jẹ igi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dé ìdí. Àwọn àgbẹ̀ ibí ń gba owó ìrànwọ́ ìjọba láti gbin ohun tí àwọn bàbá ńlá wọn gé dànù. Tiwa ṣì wà ní ìdúró, a wá fẹ́ sanwó kí wọ́n gé e!

Mo bẹ̀ yín, ẹ jẹ́ kí Àlàbá fi àkùrọ̀ rẹ̀ sí ìsàlẹ̀ ọ̀nà, níbi tí kò sí igi tẹ́lẹ̀, èmi yóò sì fi owó agégi náà ra ẹ̀rọ tó ń fa omi àti rọ́bà fún un. Bí ẹ bá gbà, kí ó fi ẹsẹ̀ wọn ibẹ̀ dé etí omi, kí ó sì fi iye rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi, kí n lè mọ bí rọ́bà náà yóò ṣe gùn tó.

Èmi ọmọ yín,
Akin