Lẹ́tà sí ẹni tó to àkọlé "Dewey Fẹ̀yìn Truman Janlẹ̀"

Ẹ̀yin àgbà mi ní ilé ìtẹ̀wé Chicago Daily Tribune,

Ẹ kú iṣẹ́ ìgbà náà. N kò mọ orúkọ yín, ẹ̀yin náà kò sì lè mọ tèmi, torí wọn ò tíì bí mi nígbà tí ẹ gbé àkọlé gàgàrà yẹn sójú ìwé kìíní ní ọjọ́ 3 oṣù kọkànlá ọdún 1948: DEWEY FẸ̀YÌN TRUMAN JANLẸ̀. Ìdìbò Ààrẹ Amẹ́ríkà ni; ẹ ní Dewey ti borí Ààrẹ Truman tó wà lórí àga, bẹ́ẹ̀ Truman ló wọlé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì fajú ro. Ẹ̀fẹ̀ lásán kọ́ ni mo bá wá. Mo kàn máa ń rò ó ni pé, ká ní ohunkóhun tí ìwé ìròyìn bá ti tẹ̀ jáde kò gbọdọ̀ yẹ̀, báwo ni ayé ì bá ṣe rí?

Mo mọ̀ pé ẹ̀bi yín nìkan kọ́. Àwọn tó ń to lẹ́tà ti daṣẹ́ sílẹ̀ láti ọdún 1947, ẹ wá ń fi taipuráítà tẹ ìròyìn, wọ́n á yà á ní fọ́tò kó tó di ohun tí ẹ̀rọ lè tẹ̀. Ìyẹn ń jẹ àkókò, ni ẹ bá tètè tẹ̀wé nígbà tí ìbò kíkà kò tíì dé ibì kan. Àwọn tó ń wádìí èrò ará ìlú ní Dewey ni, akọ̀ròyìn yín ní Washington ní Dewey ni. Ta ni kí ẹ wá bá jiyàn? Ìkánjú ọ̀hún pọ̀ débi pé àwọn ìlà kan dorí kodò lójú ìwé kan náà. Èmi fẹ́ràn àwọn ìlà yẹn ju àkọlé lọ. Ní ayé tí mò ń wí, wọ́n gbọ́dọ̀ ṣẹ bí wọ́n ṣe wà: olóṣèlú tí orúkọ rẹ̀ bá bọ́ sínú wọn yóò fi ọwọ́ rìn wọ ilé ìgbìmọ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ lókè, yóò máa ka òfin láti ìsàlẹ̀ wá sókè títí sáà rẹ̀ yóò fi pé.

Ẹ jẹ́ ká bẹ Truman wò. Lálẹ́ ọjọ́ ìdìbò, ó ti yọ́ lọ sí òtẹ́ẹ̀lì kan ní Excelsior Springs, ní Missouri, ó jẹ búrẹ́dì tí wọ́n fi ẹran ẹlẹ́dẹ̀ há, ó mu wàrà, ó sùn. Òótọ́ nìyẹn. Nígbà tí wọ́n ka ìbò àwọn aṣojú ìpínlẹ̀ tán, èyí tó ń yan Ààrẹ, ó ní 303, Dewey ní 189. Bó ṣe ń múra àtijó, ìjòyè kan wọlé, ó gbé ìwé ìròyìn yín dání. "Ọ̀gá, ẹ kú oríire, ẹ sì kú ara fẹ́ra kù. Ẹ̀yin lẹ wọlé lóòótọ́, àmọ́ ẹ̀dà 150,000 ti jáde."

Wọ́n sáré lọ bá Dewey ní New York. "Ẹ dìde, ẹ ti di Ààrẹ."

"Èmi tí mo ti kí Truman kú oríire?"

"Ẹ gba ìkíni yín padà."

Ilé iṣẹ́ yín rán àwọn èèyàn jáde pé kí wọ́n lọ kó ìwé náà kúrò lọ́wọ́ àwọn tó ń tà á. Ìyẹn náà ṣẹlẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ayé tèmi, ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá gbà padà ń mú nǹkan kúrò lọ́wọ́ Dewey: lónìí àga, lọ́la yàrá kan ní White House. Títí tó fi ku ẹ̀dà kan ṣoṣo láyé, ọwọ́ Truman ló sì wà, òun tó nà án sókè lẹ́yìn ọkọ̀ ojú irin ní St. Louis, tó ń rẹ́rìn-ín, tó fi ń han àwọn ayàwòrán. Kò mọ̀ pé òun lòun di Dewey mú sórí àga.

Ibì kan wà tí ẹ̀rín ti dá mi lẹ́nu. Earl Warren ni igbákejì Dewey nínú ìdíje yẹn. Bó bá bá a wọlé, bóyá ni ì bá fi di adájọ́ àgbà Amẹ́ríkà ní 1953, kó sì léwájú ìdájọ́ 1954 tó fòfin de yíya àwọn ọmọ aláwọ̀ dúdú sọ́tọ̀ nílé ẹ̀kọ́. Mo dúpẹ́ pé ẹ ṣì í.

Ẹ̀yin nìkan kọ́ o. Ní oṣù kẹwàá 1903, New York Times kọ ọ́ pé ẹ̀rọ tó lè fò yóò gba mílíọ̀nù ọdún kan sí mẹ́wàá. Ní ọjọ́ 17 oṣù kejìlá, Orville Wright dojú bolẹ̀ lórí ẹ̀rọ tí òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣe, ó wà lókè fún ìṣẹ́jú àáyá 12. Ẹ wo ọlọ́pàá létí òkun níbẹ̀: "Ta ló ní kí ẹ fò? Ẹ lọ, kí ẹ padà wá bó bá tó àsìkò." Ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú kan tí mo mọ̀ ṣì ń tẹ̀ lé àsìkò yẹn.

Ti òṣùpá ló wá le jù. Ní 1835, ìwé ìròyìn New York Sun ní Herschel, onímọ̀ nípa ìràwọ̀, ti rí àwọn èèyàn abìyẹ́ lórí òṣùpá, àti àwọn ẹranko beaver tí kò nírù, tí ń fẹsẹ̀ méjì rìn, tí èéfín ń rú lórí ahéré wọn. Ó dáa. Lọ́dún 1969, Armstrong àti Aldrin, àwọn tó kọ́kọ́ dé òṣùpá, balẹ̀ sí àgbàlá wọn láìkan ilẹ̀kùn, wọ́n ri àsíá mọ́lẹ̀, wọ́n sì kó òkúta tó wọn kílò 21 àti ààbọ̀ lọ. Ìpìlẹ̀ ahéré ni, ó di ẹjọ́.

Agbẹjọ́rò Armstrong dìde. Ó ní oníbàárà òun kò débẹ̀ rárá, New York Times ló kọ ọ́ ní 1920 pé rọ́kẹ́ẹ̀tì kò lè ṣiṣẹ́ níbi tí kò ti sí afẹ́fẹ́. Adájọ́ beaver yẹ ìwé wò, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ní ọjọ́ 17 oṣù keje 1969, ìwé ìròyìn kan náà ti tọrọ àforíjì, ó ní òun ṣì í, ó sì ku ọjọ́ mẹ́ta kí wọ́n balẹ̀.

Wọ́n ní kí wọ́n dá òkúta padà.

Èmi ni,
òǹkàwé yín tó pẹ́ dé.