Sí Gàníyù, lórí bí o ṣe ń jókòó lórí gàárì

Pákátà, Ìlọrin

Gàníyù ọmọ mi,

As-salaamu alaykum. Mo rí fídíò tí o fi ránṣẹ́ láti Kàdúná. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo wò ó. Ìyá rẹ ní ọmọ òun ti di balógun. Mo dákẹ́, torí ohun tí mo rí kò ṣe é sọ lójú rẹ̀. Ẹ̀rù ẹṣin ò bà ọ́, ìyẹn dùn mọ́ mi nínú. Ṣùgbọ́n o ní o fẹ́ bá wọn gẹṣin wọ Ọjà-Ọba ní Iléyá yìí. O mọ̀ pé wọ́n máa ń kì wá pé Ìlọrin ò léégún, ẹṣin leégún ilé baba wa. Ẹni tó bá fẹ́ gbé eégún jáde, ìlú á wo ẹsẹ̀ rẹ̀.

Ńṣe lo jókòó bí ẹni tó ń wo bọ́ọ̀lù lórí àga. O fẹ̀yìn ti gàárì, ẹsẹ̀ rẹ méjèèjì sì ti lọ síwájú dé ibi èjìká ẹṣin. Gàárì tiwa ló ń tàn ọ́. Ó ga níwájú, ó ga lẹ́yìn, ó gbá ọ mú, o wá rò pé ìwọ lo mọ̀ ọ́n jókòó. Kí wọ́n gbé ọ sórí gàárì pẹlẹbẹ táwọn tó ń gbá pólò lórí ẹṣin ń lò, wàá rí i.

Bi ara rẹ léèrè: bí ẹṣin yìí bá pòórá lábẹ́ mi nísinsìnyí, ṣé ẹsẹ̀ ni màá fi balẹ̀ ni, àbí ìdí? Ìdí ni tìẹ, ọmọ mi. Okùn tí bíríkìlà fi ń wo ògiri, bí wọ́n bá ta á láti etí rẹ, ó yẹ kó gba èjìká, kó gba ìbàdí, kó já sí gìgísẹ̀. Tìẹ já sí ẹ̀yìn gìgísẹ̀ pátápátá.

Má torí èyí na àyà bí ọlọ́pàá o. Láti ìsàlẹ̀ ni wọ́n ti ń tún un ṣe. Jókòó sórí bẹ́ǹṣì, fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì sábẹ́ ìdí. Wàá kan eegun méjì. Eegun wọ̀nyẹn ló gbọ́dọ̀ tẹ gàárì dọ́gba. Tí o bá ti ikùn síwájú, wọ́n á kọjú sẹ́yìn, ẹ̀yìn rẹ á sì tẹ̀ kòlòbà. Tí o bá ká ẹ̀yìn, wọ́n á kọjú síwájú, bó ṣe rí nínú fídíò nìyẹn. Àárín ni kí o wá. Lẹ́yìn náà, jẹ́ kí itan wálẹ̀ láti ìbàdí. Má fi eékún méjèèjì fún ẹṣin pinpin: o mọ bí kóró àgbálùmọ̀ ṣe ń fò tí wọ́n bá fi ìka méjì fún un. Bó ṣe máa ti ìwọ náà sókè nìyẹn.

Àlùkẹ́ńbù rẹ, irin tí o ń ki ẹsẹ̀ bọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ gàárì, kúrú jù. Yọ ẹsẹ̀ kúrò nínú rẹ̀, jẹ́ kó rọ̀; ó yẹ kí ìsàlẹ̀ irin náà kan kókósẹ̀ rẹ.

Ohun kejì ni pé o ń wọ́ sọ́tùn-ún, èyí sì ni o jogún lọ́dọ̀ mi. Ọdún mélòó kan ni ẹ̀yìn ẹṣin mi fi ń bó lápá ọ̀tún, tí mò ń bá ẹni tó rán gàárì jà. Bàbá àgbà kan tó ń tọ́jú ẹṣin ló wo bàtà mi, ó ní, “Ìsàlẹ̀ bàtà ọ̀tún ló jẹ jù. Gàárì kọ́, ìwọ ni.” Mi ò gbà. Lọ́jọ́ kan ní Ìdí-Àpẹ ni gàárì yí wọ abẹ́ ikùn ẹṣin, tí mo bá ara mi nílẹ̀ tòun ti láwàní. Wọ́n ní ẹni tó gẹṣin, ilẹ̀ ló ń bọ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe lójú àwọn àna mi. Títí di òní, ọ̀pá ẹ̀yìn mi ń rántí rẹ̀ nígbà ọyẹ́.

Ohun tó wò mí sàn nìyí. Kí ẹnì kan di okùn gígùn tí wọ́n so mọ́ ẹṣin mú, kí ẹṣin máa rìn yí i po. Yọ ẹsẹ̀ nínú àlùkẹ́ńbù, na apá méjèèjì, máa wo iwájú láàárín etí ẹṣin. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó, ìrìn lásán ni, má sáré. Itan á ro ọ́. Nígbà tó bá tó ọ̀sẹ̀ kan, ẹ lè máa sún un sáré díẹ̀díẹ̀.

Ọwọ́ rẹ ò burú. Kí o ṣáà rántí pé ìjánu kì í ṣe irin tí wọ́n ń dì mú nínú bọ́ọ̀sì.

Mo tún rí kẹ́sẹ́, irin tí wọ́n fi ń gún ẹṣin, lẹ́sẹ̀ rẹ. Bọ́ ọ. Ẹsẹ̀ tí kò tíì dúró jẹ́ẹ́ á máa gún ẹṣin láìnídìí, ẹṣin ò sì ní mọ ohun tí o ń wí.

Fi fídíò mìíràn ránṣẹ́ lọ́jọ́ Jímọ̀. Kí wọ́n yà á láti ẹ̀gbẹ́, kí o sì bọ́ agbádá, torí abẹ́ rẹ̀ lo fi ìbàdí pamọ́ sí. Ẹṣin pupa wà ní ìso, mo ti fi ọkà kún oúnjẹ rẹ̀. Àlùkẹ́ńbù rẹ̀ nìkan ni mi ò tíì fà gùn, àfi tí mo bá rí ẹsẹ̀ rẹ.

Èmi ni,
Bàbá rẹ